Ìgboro Adó, etí ìlú, tàbí Ìyìn? Ìfiwéra fún ẹni tó ń wá ilé tó parọ́rọ́ l'Ékìtì

Àbúrò ọkọ mi kan pè mí láti Èkó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ti gbé e wá sí Adó-Èkìtì, ó sì gbọ́dọ̀ wọlé kí oṣù tó parí.

"Ìyàwó wa, gbà mí nímọ̀ràn. Wọ́n fi yàrá kan àti pálọ̀ hàn mí ní Àjílósùn, wọ́n tún fi òmíràn hàn mí n'Ìyìn. Ti Ìyìn kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì owó ti Adó lọ, ibẹ̀ sì pa lọ́lọ́. Kí ni mo tún ń rò?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, aago mélòó ni wọ́n máa ń jẹ́ kẹ́ ẹ kúrò níbi iṣẹ́?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ilé lòun ń sọ, òun kò sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Mo ní ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbé Àjílósùn. Ó di ọdún kẹrin báyìí tí a ti kó lọ sí Ìyìn, ìgboro Adó ni mo sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé gírámà. Àràárọ̀ ni mò ń jáde, ìrọ̀lẹ́ ni mò ń padà. Ohun tí mo sọ lórí fóònù lọ́jọ́ náà kò tó, káàdì mi sì tán kí n tó dé ìdajì rẹ̀, ni mo ṣe jókòó kọ ìyókù. Ẹlòmíràn lè wà tó ń ro irú rẹ̀.

Ibi mẹ́ta ni

Ẹni tó bá ń sọ pé "Adó tàbí ìta Adó" ti fo ibì kan. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1996 ni wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, tí Adó sì di olú ìlú. Ìlú ńlá ni tẹ́lẹ̀, ìlú ọba tó ń jẹ́ Èwí, ìlú tí Christ's School ti wà láti ọdún 1933. Ṣùgbọ́n àárín òkè àti àpáta ló tẹ̀dó sí. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba, oníṣòwò àti akẹ́kọ̀ọ́ ya wọ̀ ọ́, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í bá títì jáde bí ìtàkùn elégédé.

Ọ̀nà mẹ́rin ló yẹ kí ẹni tó ń wá ilé mọ̀. Ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ gba Ìjìgbò àti Àjílósùn kọjá, ó forí lé Àkúrẹ́. Ọ̀nà Ìyìn gba apá Básírí. Sẹkitéríàtì ìjọba ìpínlẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà Ìyìn tuntun, nítorí náà kò yà mí lẹ́nu pé òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀ lára àwọn tá a jọ ń wọkọ̀ láàárọ̀. Ọ̀nà Ìwòròkò gba Adébáyọ̀ àti Òpópógbooro, ó kọjá lẹ́nu géètì EKSU, yunifásítì ìpínlẹ̀, ó ń lọ sí Ìfàkì. Títì oníbejì ni. Ọ̀nà Ìjàn ní Pólì ìjọba àpapọ̀ àti Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá.

Ìgboro ni Òkèṣà, Ìjìgbò, Òkè-Yinmi, Àjílósùn àti àyíká wọn. Etí ìlú ni àwọn àdúgbò tuntun tó wà lẹ́yìn Básírí, lẹ́yìn Òpópógbooro, lójú ọ̀nà Afàò: Adó ṣì ni wọ́n ń jẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀dà kò tíì dé ẹnu ọ̀nà ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ̀kẹta ni àwọn ìlú tó dá dúró, tó ní ọba àti ọjà tirẹ̀, àmọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ibẹ̀ ń ti Adó jẹun: Ìyìn, Ìgèdè, Ìwòròkò, Afàò. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ka Ìkẹ́rẹ́ mọ́ wọn. Kí ọmọ Ìkẹ́rẹ́ má bàa bú mi, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: Ìkẹ́rẹ́ kì í ṣe ìlú tó ń sùn fún Adó. Ó ní òkè Olósùnta àti Òrólè tirẹ̀, ó ní Ògògà, ọba tirẹ̀, ó ní yunifásítì tirẹ̀, ariwo tirẹ̀ sì wà ńbẹ̀. Ẹni tó ń sá fún ariwo Adó, tó lọ gba ilé láàárín Ìkẹ́rẹ́, yóò kàn rí ariwo mìíràn ni.

Owó tí ẹ kò san fún lánlọ́ọ̀dù

Owó ilé ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń fi wé ara wọn, òun náà ló sì ń tàn wọ́n jẹ. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Iye tó rọrùn láti kà ni mo fi ṣe é, ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀.

Ká ní yàrá kan àti pálọ̀ jẹ́ ₦350,000 lọ́dún ní Àjílósùn, kí irú rẹ̀ jẹ́ ₦180,000 n'Ìyìn. Ẹ ti jèrè ₦170,000. Ó dáa. Ká ní ọkọ̀ láti Ìyìn, pẹ̀lú ọ̀kadà tí ẹ máa fi parí ìrìn, ń gba ₦600 ní àlọ, ₦600 ní àbọ̀. Bí ẹ bá ń lọ síṣẹ́ ní ọjọ́ 22 lóṣù, ₦26,400 nìyẹn, ₦316,800 lọ́dún. Ẹni tó ń gbé Àjílósùn náà kì í fi ẹsẹ̀ rìn o. Ká ní ₦300 lòun ń san ní àlọ, ₦300 ní àbọ̀, tirẹ̀ jẹ́ ₦158,400. Ẹ ti fi ₦158,400 jù ú lọ lórí ọkọ̀ nìkan. Ẹ yọ ọ́ nínú ₦170,000 tí ẹ ní ẹ jèrè. ₦11,600 ló kù, fún odidi ọdún kan.

Bí ìyàwó yín náà bá ń ṣiṣẹ́ ní Adó, ìyàtọ̀ owó ọkọ̀ di ₦316,800. Ẹ ti wà nínú gbèsè ₦146,800, a kò sì tíì ka ọmọ tó ń lọ síléèwé nígboro mọ́ ọn. Owó ilé tí ẹ kò san fún lánlọ́ọ̀dù, awakọ̀ ló ń bá yín gbà á.

Ìyàtọ̀ kan tún wà láàárín àwọn méjèèjì. Lánlọ́ọ̀dù ń dúró kí ọdún pé kó tó fi owó kún ilé. Awakọ̀ kì í dúró. Lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà epo tí kò tó ₦200 kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni owó ọkọ̀ fò. Owó oṣù mi kò fò. Àwọn aládùúgbò wa tó ń gbé Adó náà jẹ ìyà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó lè fẹsẹ̀ rin ìdajì ọ̀nà rí ibi tó máa rọra fi ara sí. Láti Ìyìn, kò sí ìdajì ọ̀nà tí mo lè fẹsẹ̀ rìn kí n sì dé kí agogo iléèwé tó lù.

Nígbà wo wá ni Ìyìn máa ń pé èèyàn? Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Bí iṣẹ́ bá wà ní sẹkitéríàtì, tí ọkọ̀ kan ṣoṣo ń gbé yín dé ẹnu géètì láìsí ọ̀kadà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ní mọ́tò, tí ẹ sì rí ẹni mẹ́ta tí ẹ jọ ń lọ tí wọ́n á máa dá owó epo. Ọkọ mi bá àwọn mẹ́ta ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan àbọ̀. Ìdílé ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dà. Ọ̀kan nínú wọn ló ṣe alága ìsọmọlórúkọ àbíkẹ́yìn wa.

Ọkọ̀ ìkẹyìn

Ìdí nìyí tí mo fi bèèrè aago. Láàárọ̀, ọkọ̀ pọ̀ n'Ìyìn: ìlú ń tú jáde, awakọ̀ kì í pẹ́ kó tó kún. Ní ìrọ̀lẹ́, láàárín aago márùn-ún sí mẹ́fà àbọ̀, ó ṣì dára. Lẹ́yìn aago méje ni ọ̀rọ̀ ń yí padà. Èrò ti lọ tán, awakọ̀ sì fẹ́ kí mọ́tò kún kó tó gbéra, nítorí pé òfìfo ló ṣeé ṣe kó gbé padà.

Alẹ́ ọjọ́ kan wà ní àsìkò òjò tí a ń kó máàkì ìdánwò jọ. Aago méje kọjá díẹ̀ ni mo dé ìdíkọ̀. Èmi, ọkùnrin kan tó gbé àpò símẹ́ńtì àbọ̀ lọ́wọ́, àti akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan. Awakọ̀ ní àwa mẹ́ta kò tó. A jókòó sínú mọ́tò. Òjò bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di aago mẹ́jọ àbọ̀, a gbà láti pín owó ààyè tó ṣófo láàárín ara wa. Mo sọ̀ lẹ́nu títì n'Ìyìn, ọ̀kadà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ní òun kò wọ àdúgbò wa torí ẹrẹ̀. Ọkọ mi ló fi tọ́ọ̀ṣì wá pàdé mi. Aago mẹ́sàn-án kọjá. Àwọn ọmọ ti jẹ gàrí sùn, ewédú tí mo rà ní Ọjà Ọba ti rọ pátápátá nínú ọ̀rá.

Irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe gbogbo ìgbà. Lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ní sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ni fún èmi, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ ń parí ní ọ̀sán. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ọjà Bísí, òṣìṣẹ́ báńkì tó ń ti ìwé owó mọ́lẹ̀ ní aago méje, ojoojúmọ́ lèyí máa jẹ́ fún wọn. Bí ẹ bá wà lára wọn, tí ẹ kò sì ní mọ́tò, ẹ má wulẹ̀ ka ìyókù ìwé yìí. Ẹ gba ilé nígboro.

Ọ̀rọ̀ ààbò tún wà ńbẹ̀, kò sì yẹ ká bò ó mọ́lẹ̀. Ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 ni wọ́n pa àwọn ọba méjì lójú ọ̀nà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ iléèwé gbé pẹ̀lú ọkọ̀ wọn ní Ẹmùré. Ìkọ̀lé àti Ẹmùré jìnnà sí Ìyìn, wọ́n sì dá àwọn ọmọ náà sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Síbẹ̀, láti ìgbà náà, ọkọ mi kì í fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá ẹnikẹ́ni nínú wa láàárín ìlú méjì. Àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2020 máa ń wà lójú ọ̀nà, a dúpẹ́. Àmọ́ nínú ilé, òfin tiwa ni aago méje.

Omi: ẹ lọ wo ilé lẹ́ẹ̀mejì

Ó ní ohun tí àwọn tó wá láti Èkó kì í mọ̀ nípa Èkìtì. Orí àpáta ni a wà. Omi abẹ́ ilẹ̀ wa kò tẹ́ rẹrẹ bí ti etí òkun. Inú ilẹ̀ rírọ̀ tó bo àpáta àti inú ìlà tó là á ló máa ń sá sí. Ìdí nìyí tí bóhólù ilé kejì fi lè máa tú omi jáde bí ẹṣin, kí tiyín tí ẹ gbẹ́ ní ogún ẹsẹ̀ sí i má mú ju erùpẹ̀ wá. Ìdí náà nìyí tí kànga tó kún dẹ́nu ní oṣù kẹsàn-án fi lè jẹ́ ihò lásán ní oṣù kẹta.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ejẹ́ǹtì mú yín lọ wo ilé nígbà òjò kí ẹ sì sanwó lójú ẹsẹ̀. Oṣù kejì àti ìkẹta ni kànga ń sọ òótọ́. Bí kò bá ṣeé ṣe kẹ́ ẹ dúró dìgbà náà, ẹ wo okùn tó wà lára korobá kànga: bí wọ́n bá ti so ó mọ́ òmíràn kó lè gùn sí i, ẹ ti mọ ohun tí ẹ̀ẹ̀rùn ń ṣe níbẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó kọ́ mi ní ìyẹn. Ó lè jẹ́ pé ìyà ló kọ́ mi.

Nígboro, omi máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ owó: ẹ ó rà á, ẹni tó ń tà á sì wà nítòsí. Ní etí ìlú, ọ̀pọ̀ lánlọ́ọ̀dù tuntun ti gbẹ́ bóhólù kí wọ́n tó kọ́lé, torí náà ibẹ̀ ló dára jù lára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí iná bá wà láti fà á. N'Ìyìn, kànga ni a ní. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, aago márùn-ún ìdájí ni mo ti ń pọn, kí àwọn ayálégbé yòókù tó jí. Ìyá àgbà ilé iwájú máa ń ní ẹni tó bá fẹ́ mọ ìwà aládùúgbò òun, kó dúró de oṣù kẹta lẹ́nu kànga.

Iná

Kò sí ohun púpọ̀ láti sọ. Kì í ṣe ìlú ló ń pín iná, wáyà tí ilé yín wà lórí rẹ̀ ni. Mo ti rí àdúgbò méjì ní Adó tí títì kan là láàárín, tí ọ̀kan ní iná tí èkejì wà lókùnkùn. Ẹ bi ayálégbé, ẹ má bi lánlọ́ọ̀dù. Ẹ bèèrè bóyá mítà wà. Ní etí ìlú, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ṣì ń dá owó òpó àti tiransifọ́mà, nítorí ayálégbé tuntun náà ni wọ́n máa ń ká mọ́.

Ìdákẹ́rọ́rọ́ yìí, báwo ló ṣe rí gan-an?

Ohun tí àbúrò ọkọ mi gbọ́ nìyẹn: ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́rọ́rọ́ ìlú kékeré kì í ṣe ti ilé tí ẹnikẹ́ni kò sí. Ní Àjílósùn, fèrè ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀, ẹni tó ń polówó CD, alẹ́ dé òwúrọ̀. Mo gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, mi ò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé yàrá kẹta sí tiwa. N'Ìyìn, bó bá ti di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, odó ni ẹ máa gbọ́, láti ilé dé ilé. Iyán ni. Ẹni tí kò bá gún un lọ́jọ́ náà, gbogbo àdúgbò mọ̀. Lọ́jọ́ tí ara mi kò yá tí mi ò gún nǹkan kan, aládùúgbò gbé abọ́ wá, ó ní òun kò gbọ́ odó wa.

Ó dùn mọ́ mi. Ó tún bà mí lẹ́rù díẹ̀. Ẹni tó gbọ́ pé odó kò dún yóò gbọ́ nígbà tí tọkọtaya bá ń jà.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a kó dé, ọmọ kan tí kò ju ọdún méje lọ kí mi, "ìwọ" ló sì fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ara mi gbóná. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí, ó wá là mí lóye pé ẹ̀ka èdè tiwọn kò pín "o" àti "ẹ" bí tiwa. Ìkúnlẹ̀ àti ohùn ni kí n máa wò. Mo wá rántí pé ọmọ náà kúnlẹ̀ lóòótọ́. Ilé gan-an, "ulé" ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ mi ti ń sọ ọ́ báyìí, ìyá mi n'Íbàdàn sì ní mo ti fi ọmọ òun tọrẹ.

Ìdákẹ́rọ́rọ́ náà máa ń gba ìsinmi lọ́jọ́ Ẹtì. Òkú àgbà ló fà á. Àwọn ọmọ olóòkú máa ń dé láti Èkó àti Àbújá, kánọ́pì á dí títì, ohùn ẹ̀rọ á máa lọ títí di ìdájí, ó lè tún tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹ̀ léra wọn ní oṣù kejìlá. Nínú ìgboro, ẹ lè ti fèrèsé. Ní ìlú kékeré, wọ́n á retí yín lábẹ́ kánọ́pì, ó ṣeé ṣe kí ẹ ra aṣọ. Ẹ ka aṣọ ẹbí mọ́ ìṣirò òkè yẹn.

Ẹ bèèrè àwọn ọjọ́ àṣà pẹ̀lú. Ìlú ọba ni wọ́n, ọdún ìbílẹ̀ sì wà, ọjọ́ mìíràn wà tí wọn kì í fẹ́ kí obìnrin jáde lálẹ́. Adó náà ní Ùdírókò tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìgboro tóbi, ọ̀pọ̀ èèyàn lè gbé ibẹ̀ kí ọdún náà kọjá lórí wọn. Ní ìlú kékeré, ẹni tí kò bèèrè ló máa ń ṣàṣìṣe.

Ìwòròkò yàtọ̀, mo sì gbọ́dọ̀ yà á sọ́tọ̀. Nígbà tí EKSU bá wọlé, ìlú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni: orin, ọ̀kadà, búkà tó ṣí di alẹ́. Nígbà tí wọ́n bá lọ sísinmi, ìdákẹ́rọ́rọ́ tó wà níbẹ̀ lè mú kẹ́ ẹ máa bá ara yín sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ jẹ́ yàrá kọ̀ọ̀kan fún akẹ́kọ̀ọ́, owó rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ rẹlẹ̀ bí èèyàn ṣe rò. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú EKSU nìkan ni mo máa ní kó lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìdílé.

Ọjà, iléèwé, dókítà

Iṣu, èlùbọ́, ewébẹ̀, ẹ ra á n'Ìyìn; ó tutù, ó sì dínwó, ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé sì tó gbin ilá. Ohun tó wá láti òkèèrè, ẹja yìnyín, aṣọ, oògùn tó ṣọ̀wọ́n, Adó ni. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà níbi gbogbo. Ọ̀rọ̀ girama ló máa ń mú òbí kó padà sígboro, pàápàá bí ọmọ bá wọ Christ's School láìgbé inú ọgbà. Dókítà? Fún ibà lásán, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ìlú tó. Bí aboyún bá wà nínú ilé, ẹ ronú nípa bí ẹ ó ṣe dé ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Adébáyọ̀ ní aago méjì òru. Bí ìdáhùn bá jẹ́ "a máa pe ẹnìkan", ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ orúkọ ẹni náà.

Bí mo ṣe gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nìyí, lójú tèmi:

| | Ìgboro Adó | Etí ìlú | Ìyìn, Ìgèdè |
|---|---|---|---|
| Owó ilé | Ó ga jù | Àárín | Ó rẹlẹ̀ jù |
| Owó ọ̀nà | Díẹ̀ | Ọ̀kadà ló ń gba púpọ̀ rẹ̀ | Ó lè gbé èrè owó ilé mì |
| Alẹ́ | Ẹ ó délé | Ẹrẹ̀ lè dá yín dúró | Aago méje |
| Omi | Rírà | Bóhólù, bí iná bá wà | Kànga. Ẹ wò ó ní ẹ̀ẹ̀rùn |
| Ariwo | Ojoojúmọ́ | Ajá àti ilé tí wọ́n ń kọ́ | Odó. Òkú lópin ọ̀sẹ̀ |
| Aládùúgbò | Ẹ lè má mọ̀ wọ́n | Lánlọ́ọ̀dù àti ìpàdé | Wọ́n mọ̀ yín |

Bí ẹ bá ní ilẹ̀ lọ́kàn

Ọ̀pọ̀ tó ń gba ilé n'Ìyìn tàbí ní etí ìlú, ilẹ̀ ni wọ́n ń wá lábẹ́lẹ̀. Èyí ni mo rò pé ó tóbi jù nínú àǹfààní ibẹ̀, ó sì ju owó ilé lọ. Ẹni tó ti gbé ìlú fún ọdún kan mọ ilẹ̀ tí omi ń bò, ó mọ ẹbí tó ní i, ó mọ ẹni tó ti ta ilẹ̀ kan náà fún èèyàn mẹ́ta. Láti Èkó, ẹ kò lè mọ èyíkéyìí nínú wọn.

Ilẹ̀ ẹbí ni púpọ̀ rẹ̀. Bí olórí ẹbí kò bá sí nínú títà náà, òfo ni lójú òfin, kódà bí mẹ́wàá nínú àwọn ọmọ ilé bá fọwọ́ sí i. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìjẹ́ pé àwọn olórí ojúlé yòókù mọ̀, wọ́n lè lọ bá adájọ́ kó fagi lé e. Nítorí náà, ẹ rí gbogbo wọn, kí wọ́n sì fọwọ́ síwèé. Ẹ gba ìwé sọfè láti ọwọ́ sọfíyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ. Láti ìgbà Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978, ọwọ́ gómìnà ni gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, torí náà rìsíìtì ẹbí nìkan kò tíì parí iṣẹ́. Ìwé ẹ̀rí gbígba ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba ṣì kù. A fi ọdún méjì wo ilẹ̀ tiwa kí a tó san kọ́bọ̀. Àwọn ará ilé ọkọ mi ní a ń fi àkókò ṣòfò. Ẹni tó ra ilẹ̀ kejì rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣì wà ní kóòtù.

Ta ni kó lọ síbo?

Bí ẹ kò bá ní mọ́tò, tí ẹ̀yin méjèèjì ń ṣiṣẹ́ ní Adó, tí ọmọ ṣì kéré: ìgboro, tàbí etí ìlú tí kò jìnnà sí títì. Ẹ má jẹ́ kí ìdajì owó ilé tàn yín.

Bí ẹ bá ti fẹ̀yìn tì, Ìyìn tàbí Ìgèdè ni, ẹ má ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kò ní ọkọ̀ ìkẹyìn kankan láti sáré bá, owó ìfẹ̀yìntì a sì nà díẹ̀ sí i. Ẹ kàn ríi pé bóhólù tàbí ẹni tó máa bá yín pọn omi wà.

Ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nínú ilé lè gbé ibikíbi tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti dára. Kó mú fóònù rẹ̀ dání lọ wo ilé náà, kó sì dán an wò nínú yàrá gan-an, kó má ṣe é lẹ́nu géètì. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé láàárín ọdún márùn-ún, etí ìlú ni mo máa ní kó wò kó tó ronú kan Ìyìn, àyàfi bí owó ilẹ̀ ibẹ̀ bá ti lé e sá.

Èmi fúnra mi ńkọ́? Bí a bá ṣírò gbogbo rẹ̀, mi ò jèrè owó kankan. Mo mọ̀ ọ́n láti ọdún kìn-ín-ní. Ṣùgbọ́n ọmọ mi tó máa ń wú ikọ́ ní Àjílósùn láti ìpìlẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀ kò wú u mọ́, mo sì ń sun oorun. Owó tí mò ń san fún awakọ̀, mo ti gbà pé owó oorun ni.

Àbúrò ọkọ mi pè lánàá. Aago méje ni ibi iṣẹ́ wọn ń parí, ó ní lọ́jọ́ mìíràn ó ń di mẹ́jọ. Ó ti san owó yàrá kan àti pálọ̀ lẹ́yìn Básírí, ọdún kan péré, níbi tí ọ̀kadà ti ń dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní òun á máa wá n'Ìyìn lọ́jọ́ Àìkú, kí òun máa jẹ iyán, kí òun sì máa wo ilẹ̀. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì, kó sì gbé korobá dání.